Ọkọ̀ inú àwòrán èbúté Whistler yẹn, ṣé ikú ló dúró fún lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Olùkọ́ wa fún wa ní etching méjì, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ásíìdì gbẹ́ sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ká kọ nǹkan nípa wọn, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ James McNeill Whistler ló ṣe méjèèjì. Èkíní ni Black Lion Wharf tó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859, èkejì ni Nocturne tó ṣe ní Venice nílẹ̀ Ítálì. Mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ tó dá dúró lórí omi nínú Nocturne yẹn jẹ́ àmì ikú, omi jẹ́ àmì ìrìn-àjò ẹ̀mí, òkùnkùn jẹ́ àmì ìbànújẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé ọkọ̀ lásán ni, pé àwa tá à ń kọ́ iṣẹ́ ọnà la máa ń rí ohun tí ò sí níbẹ̀. Ta ló jàre nínú wa? Tó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ lásán ni lóòótọ́, kí ló dé tí àyà mi fi ń já tí mo bá ti ń wò ó?

* * *

Àyà tó ń já yẹn ni kó o dì mú, àbúrò mi, jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ikú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Nǹkan tó ń ṣe ẹ́ yẹn, ó ń ṣe èmi náà. Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ bi ara ẹ ni pé ibo gan-an lára bébà yẹn ni ìjáyà ọ̀hún ti ń wá.

Gbé àwòrán yẹn sún mọ́ ojú kó o máa tọ ilà inú ẹ̀ lọ níkọ̀ọ̀kan. Wàá rí i pé ilà ò pọ̀ rárá. Ọkọ̀ ìgbòkun pẹ̀lú òpó ẹ̀, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ọ̀ọ́kán tó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pòórá, ìlà díẹ̀díẹ̀ lórí omi, ó parí. Ojú ọ̀run fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan. Kí ló wá sọ ọ́ di alẹ́? Íńkì tí Whistler ò nù kúrò ni.

Fún ẹni tí ò tíì ṣe é rí, bí etching ṣe rí nìyí: wàá mú pléètì bàbà, wàá fi ìda bò ó lójú, wàá fi abẹ́rẹ́ ya nǹkan tó o fẹ́ yà sínú ìda yẹn títí bàbà á fi hàn, wàá wá tì í bọ inú ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá ni ásíìdì máa jẹ, ibi tí ìda ṣì bò, kò ní fọwọ́ kàn án. Tó o bá ti fọ ìda kúrò, wàá fi íńkì pa gbogbo ojú pléètì, wàá nù ún títí á fi ku kìkì èyí tó wọnú ilà, wàá gbé bébà tó ti rin lé e, kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Whistler ò nù ún tán ní Venice. Ó fi íńkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lójú pléètì, ibi tó fẹ́ kó ṣú ó fi í síbẹ̀, ibi tó fẹ́ kó mọ́lẹ̀ ó fi aṣọ nù ún mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, kò kàn gbé e fún òǹtẹ̀wé kó máa lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà Nocturne kan fi lè dà bí ìdájí tí òmíì á dà bí ọ̀gànjọ́ òru, pléètì kan náà ni o.

Torí náà tó o bá kọ ọ́ pé òkùnkùn ibẹ̀ jẹ́ àmì ìbànújẹ́, nǹkan tí mo máa bi ẹ́ ni pé òkùnkùn ẹ̀dà wo?

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ̀yin yòókù kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àwọn kan ní ọkọ̀ lórí omi dúdú, ikú ni, torí àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ọkọ̀ ló ń kó òkú sọdá odò. Àwọn kan ní omi ni omi ń jẹ́, ojú Olókun ni ká fi wò ó. Àwọn kẹta ní Whistler fúnra ẹ̀ ti sọ pé àwòrán òun ò ní ìtumọ̀ kankan, ká yéé yọ ara wa lẹ́nu.

Àwọn kẹta yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ ju bó ṣe wà lọ. Bọ́rọ̀ ṣe rí ni pé John Ruskin, tó jẹ́ ẹni tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nípa àwòrán nígbà yẹn, kọ ọ́ síta pé Whistler da ìkòkò ọ̀dà sójú àwọn aráàlú ó sì ń gba owó ńlá lé e. Whistler gbé e lọ sí kóòtù ní 1878. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ìdí tí òun fi ń pe àwòrán òun ní Nocturne, tó jẹ́ orúkọ orin alẹ́, ni pé òun fẹ́ yọ ìtàn kúrò nínú ẹ̀, kí èèyàn má máa wá ẹni tó ṣe kí sí ta níbẹ̀. Kò sọ pé kí nǹkan kan má ṣe èèyàn lára. Ẹni tó bá gbọ́ orin tí ò ní ọ̀rọ̀, tí omi sì bọ́ lójú ẹ̀, ta ló máa sọ fún un pé irọ́ lomi ojú ẹ̀? Kóòtù dá a láre, àmọ́ fàdínì kan ni wọ́n ní kí Ruskin san fún un, owó tó kéré jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ẹjọ́ ti Whistler fúnra ẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹ̀.

Ti Olókun, ẹ má bínú o, mi ò gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún Olókun, ìdí gan-an tí mi ò fi fẹ́ ká máa gbé e sórí gbogbo omi tá a bá rí nìyẹn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Whistler ní 1834, Lọ́ńdọ̀nù àti Paris ló ti ṣiṣẹ́, ọ̀sà Venice ló yà. Ẹ rántí bí àrokò ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí èèyàn láyé àtijọ́, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun, torí ẹni tó ránṣẹ́ àtẹni tó gbà á ti jọ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tó o bá gbé owó ẹyọ mẹ́fà kan náà fún ará Venice ní 1880, owó ẹyọ mẹ́fà ló máa kà. Àmì tí ò ní àdéhùn, ta ló fẹ́ kà á?

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì wà níbòmíì o, mi ò sọ pé ọkọ̀ ò lè jẹ́ àmì láé. Àwọn ará Netherlands ní nǹkan bíi 1600 sí 1700 ní ìwé àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń wé ìfẹ́ mọ́ òkun, tí wọ́n fi ń wé olólùfẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí Vermeer, ayàwòrán ibẹ̀ kan, fi lè gbé àwòrán ọkọ̀ kọ́ ògiri lẹ́yìn obìnrin tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìránṣẹ́bìnrin ẹ̀, táwọn aráàlú ẹ̀ á wò ó tí wọ́n á sì mọ irú lẹ́tà tó jẹ́. Níbẹ̀, àmì ni. Whistler ò bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn yẹn.

* * *

Ẹ ti pa Black Lion Wharf tì, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì.

Wapping ni, létí odò Thames, lápá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Whistler lọ gbé ládùúgbò yẹn ní 1859 kó lè máa ya odò náà. Pléètì ọ̀hún kéré, ìbú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 lọ, èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ọkùnrin kan jókòó síwájú, lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹrù létí omi. Lẹ́yìn ẹ̀, omi. Lẹ́yìn omi, ọkọ̀ àti òpó ọkọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ilé ìkẹ́rùsí tò lọ bẹẹrẹ, onípákó, oníbíríkì, fèrèsé lórí fèrèsé, o lè ka pákó ara wọn.

Ẹnì kan nínú yín kọ ọ́ pé ọkùnrin yẹn dúró fún ìdánìkanwà èèyàn nílùú ńlá. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe yà á ná. Ọkùnrin tó wà níwájú wa gan-an àti ọkọ̀ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ilà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó yára ni, kò parí àwọn ibòmíì. Ilé tó wà lódìkejì odò, tó jìnnà, òun ni abẹ́rẹ́ dúró lé lórí, tó yà á ní fínnífínní bí ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹrù. Ojú èèyàn kì í ríran bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó wà nítòsí ló yẹ kó hàn, kí tòkèèrè ṣú. Whistler yí i padà, ojú ẹ á sì máa fo ọkùnrin yẹn kọjá lọ síbi tí iṣẹ́ wà, á tún padà sọ́dọ̀ ẹ̀ torí ara ẹ̀ ló tóbi jù, kò ní rójú dúró sójú kan. Àìbalẹ̀ yẹn lo ń pè ní ìdánìkanwà. Mi ò sọ pé kò sí níbẹ̀ o. Mo ní ìyàtọ̀ láàárín ilà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ilà fínnífínní ló bí i, kì í ṣe pé ọkùnrin yẹn jókòó lóun nìkan. Ẹni tó ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń jókòó lóun nìkan.

Wo omi yẹn náà. Whistler fẹ́rẹ̀ẹ́ má ya nǹkan kan sí i níwájú, bébà funfun ló fi sílẹ̀ káàkiri. Ó rí bí omi tó tòrò. Ẹ sì mọ̀ pé ní 1858, ọdún tó ṣáájú, ni odò Thames yẹn rùn débi pé wọ́n ń rẹ kọ́tìnnì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú oògùn apààrùn káwọn aṣòfin tó lè mí. Ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣàn sínú ẹ̀. 1859 tí Whistler jókòó tì í yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gọ́tà ńlá abẹ́ ilẹ̀ tó máa gba ìlú náà là. Torí náà, ìtòrò tó wà lórí bébà yẹn, odò kọ́ ló ni ín. Whistler ló fi í síbẹ̀ nípa pé ó dáwọ́ dúró.

Nígbà táwọn àwòrán Thames wọ̀nyí dé Paris, Baudelaire, akéwì ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé nípa wọn ní 1862. Okùn ọkọ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn, èéfín, kùrukùru, ìdàrúdàpọ̀ ìlú ńlá tó sì lẹ́wà, òun ló rí. Ọkùnrin yẹn sì fẹ́ràn àmì ju gbogbo wa níbí lọ. Kò rí ikú níbẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní ẹyẹ inú àwòrán èbúté jẹ́ ẹ̀mí àwọn tó kú sómi: Whistler kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ásíìdì ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ya máàpù etíkun ní Washington, ní 1854 sí 1855. Wọ́n fún un ní erékùṣù Anacapa tó wà ní California pé kó ya etí ẹ̀ sára pléètì fáwọn atukọ̀. Ó ya àpáta bí wọ́n ṣe ní kó yà á, ó wá da ọ̀wọ́ ẹyẹ méjì sójú ọ̀run. Sórí ìwé ìjọba o. Lójú tèmi, ojú ọ̀run ibẹ̀ ló ṣófo jù lójú ẹ̀. Ẹyẹ òkun, ibi tí òkun bá wà ló máa ń wà.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó ń fa ariwo jù báyìí ni ti íńkì tí wọn ò nù tán. Ẹ̀gbọ́n kan ní màgòmágó ni, pé ẹni tí ò lè fi ilà ya alẹ́ ló ń fi íńkì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kó àwòrán Venice síta ní December 1880, nǹkan táwọn kan sọ nìyẹn, pé ilà ò tó, pé ó dọ̀tí.

Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ọ̀gá wa ò gbà kí eérú íńkì kankan kù lójú pléètì. Á gbé ẹ̀dà ẹ sí fèrèsé, tí ibi tó yẹ kó funfun bá ti ní àwọ̀ eérú, á ní kó o lọ tún un tẹ̀. Inú ásíìdì náà, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń rọra gbá ìhó kúrò lórí ilà, torí tí ìhó bá jókòó síbẹ̀ ásíìdì ò ní jẹ ẹ́ dọ́gba. Tá a bá dé ìdí nínù, aṣọ líle tó rí bíi nẹ́ẹ̀tì la kọ́kọ́ ń lò, a ó wá fi ẹfun díẹ̀ pa ìpìlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, a ó fi gbá ojú bàbà kọjá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, gbígbá tó kẹ́yìn yẹn ló ń mú kí funfun tàn. Mo mọ ohun tí ọ̀gá wa ń bẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí pléètì ẹ̀ ò dáa á fi íńkì púpọ̀ sílẹ̀, èèyàn á ní ó jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò sí lábẹ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn, mi ò gbà á fún gbogbo pléètì. Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ máa ń lò ni pé nù ún mọ́, kó o wò ó bóyá àwòrán yẹn ṣì dúró. Tó o bá fi ṣe é fún Nocturne, á ṣubú, á ku egungun ọkọ̀ àti ilé díẹ̀. Àwọn kan á ní ó ti tán nìyẹn, pléètì burúkú ni. Èmi ní rárá, torí wo ibi tó kọ̀ láti fa ilà sí. Ẹni tí ò mọ̀ pé íńkì ń bọ̀ ò ní fi ààyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lórí ìda ló ti ń ya pléètì yẹn de íńkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi íńkì bo àléébù mọ́lẹ̀ ń ṣe nǹkan ọ̀tọ̀, ojú ló sì máa sọ fún ẹ, torí ní tiẹ̀ wàá rí ilà tó ń bá íńkì jà lábẹ́ ibẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká fi kún un pé iṣẹ́ ni o. Ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún ni àdéhùn lórí pléètì kọ̀ọ̀kan nínú méjìlá tó kọ́kọ́ jáde lára àwòrán Venice, Whistler sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí títẹ̀ wọn torí ọwọ́ ara ẹ̀ ló fẹ́ fi nù wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó, ọ̀nà tó yá jù yẹn lọ pọ̀.

* * *

Sí ẹni tó ní ìbànújẹ́ gbèsè ló wà nínú Nocturne.

Òótọ́ ni pé gbèsè jẹ ẹ́ tán. Ẹjọ́ Ruskin yẹn ló bá a jẹ́ parí, ní 1879 wọ́n kéde pé kò lè san gbèsè mọ́, wọ́n ta ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Chelsea. Fine Art Society tó ń ta àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé iṣẹ́ pléètì méjìlá fún un, pé kó lọ sí Venice kó padà wá láàárín oṣù díẹ̀. September 1879 ló débẹ̀, November 1880 ló tó padà, pẹ̀lú nǹkan bí àádọ́ta pléètì. Ó rọrùn láti sọ pé ẹni tó wà nínú irú wàhálà yẹn ló ń rí alẹ́ níbi gbogbo.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún. Láti 1871 ló ti ń fi ọ̀dà kun alẹ́ odò Thames, nígbà tí gbèsè ò tíì gbé e ṣubú, tí olówó ṣì ń pè é wá sílé. Nocturne ló ń pe àwọn yẹn náà. Tó bá jẹ́ gbèsè ló bí alẹ́, a jẹ́ pé wọ́n ti bí alẹ́ ṣáájú ìyá ẹ̀. Ohun tí gbèsè ṣe ni pé ó gbé e dé Venice. Èyí tó kù, ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ni: bí èbúté ṣe máa ń pàdánù etí ẹ̀ lálẹ́, tó ò ní mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ìjáyà ẹ wà, àbúrò mi. Inú ọkọ̀ kọ́, ibi tí etí nǹkan ti sọnù ni. Lọ́sàn-án, èbúté ni ibi tí èèyàn ti mọ ààlà jù, ilẹ̀ rèé, omi rèé, tó o bá ṣi ẹsẹ̀ gbé o jìn sómi. Tí ààlà yẹn bá parẹ́, ara á kọ́kọ́ mọ̀ kí ọpọlọ tó wá orúkọ fún un. Ikú lo pè é torí ikú lorúkọ tó sún mọ́ ẹ lọ́wọ́.

* * *

Kẹ́ ẹ má bàa ní mo kórìíra àmì, ẹ lọ wo Breaking up of the Agamemnon tí Seymour Haden ṣe ní 1870. Dókítà ni Haden, ọkọ ẹ̀gbọ́n Whistler obìnrin ni, wọ́n sì jà títí wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti 1867. Odò Thames náà ni, etching náà ni. Ọkọ̀ ogun ńlá onígi kan ni wọ́n ń tú palẹ̀, oòrùn ń wọ̀.

Níbẹ̀, ẹni tó bá ní ọkọ̀ yẹn jẹ́ àmì, mo gbà fún un pátápátá. Torí ọkọ̀ yẹn lórúkọ, ó nítàn. HMS Agamemnon wà lára ọkọ̀ tó tẹ́ wáyà tẹligíráàmù gba ìsàlẹ̀ òkun Atlantic kọjá ní 1858. Ọdún 1852 ni wọ́n gbé e sómi, kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n fi ń já pákó ẹ̀, torí ọkọ̀ irin ti dé. Gbogbo ẹni tó ra àwòrán yẹn nígbà náà mọ ìyẹn, ó sì wà nínú orúkọ àwòrán pé títú ni wọ́n ń tú u. Àdéhùn wà. Oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ á wá rí nǹkan dúró lé. Ọkọ̀ inú Nocturne ò lórúkọ.

Mo tún rí ẹni tó ní torí Black Lion Wharf wà lára ògiri nínú àwòrán tí Whistler kun ìyá ẹ̀ ní 1871, èbúté yẹn dúró fún ìyá tó ń múra ọ̀run. Òótọ́ ni pé ó wà lára ògiri, ẹ ò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1871 yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn àwòrán Thames ẹ̀ jáde fún títà, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Ó gbé iṣẹ́ ara ẹ̀ kọ́ sínú ilé ara ẹ̀. Mi ò rí ọ̀run níbẹ̀.

* * *

Bọ̀dá tó ní òun gbé fóònù lọ sí Wapping lọ́jọ́ Sátidé láti fi àwòrán wé ibẹ̀, tó ní Whistler purọ́ torí nǹkan ò bára mu: ẹ yí àwòrán yẹn padà nínú fóònù yín kí ọ̀tún di òsì. Whistler máa ń jókòó sétí odò tì í ni, ó ń ya ohun tó ń rí tààrà sórí bàbà, nǹkan tó bá sì yà sápá ọ̀tún pléètì, apá òsì ni bébà máa gbé e sí. Èèyàn lè kọ́kọ́ yí i padà kó tó yà á, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò ka ìyẹn sí. Àti pé ilé púpọ̀ ti lọ níbẹ̀, bọ̀dá, wọ́n ti ju bọ́ǹbù sáwọn ibi èbúté yẹn nígbà ogun ní 1940, ẹ má wá gbogbo fèrèsé.

Èyí náà sì tún kan ọ̀rọ̀ àmì. Ẹnì kan lókè ti kọ odidi ìpínrọ̀ kan pé ohun tó wà lápá òsì ni àtijọ́, tọ̀tún ni ọjọ́ iwájú. Ọ̀tún ta ni?

* * *

Ọmọkùnrin tó fẹ́ ṣe etching Makoko, tó ní òun máa fi ọkọ̀ tó fọ́ sí àárín kó lè jẹ́ àmì ìyà. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa, Ru van Rossem tó wá láti Netherlands ti kọ́ àwọn èèyàn ní Ìbàdàn àti Òṣogbo láwọn ọdún 1960, Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kọ́ ọ, ó sì gbé e débi tí ẹnikẹ́ni ò gbé e dé rí. Torí náà ṣe é, inú mi dùn sí i. Àmọ́ ọkọ̀ tó fọ́ yẹn, ṣé o rí i níbẹ̀? Tó o bá rí i, yà á síbi tó o ti rí i. Tó ò bá rí i, lọ jókòó létí omi kó o ya igi tí wọ́n fi gbé ilé dúró, bí omi ṣe dúdú tó nídìí wọn, èéfín ẹja yíyan tó ń gba àárín òrùlé jáde. Èéfín nìkan tó ẹ ṣe, kó o mọ bó o ṣe máa nu íńkì kí èéfín lè wà níbẹ̀ láìfa ilà. Tí ìyà bá wà níbẹ̀, á wọ pléètì fúnra ẹ̀.

* * *

Àbúrò mi, o tún padà wá béèrè pé kí lo máa wá kọ. Ọ̀la lo máa fi sílẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí.

Yọ ikú kúrò. Bẹ̀rẹ̀ látorí pé àyà ẹ já. Sọ ibi tí ilà pin sí nínú Nocturne, sọ pé íńkì ló ṣe èyí tó kù, sọ pé ẹ̀dà lè yàtọ̀ síra, kó o sì kọ ẹ̀dà tó o wò, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wo ló ni ín, torí tí olùkọ́ ẹ bá wo òmíì, nǹkan míì ló máa rí. Wá gbé Black Lion Wharf tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: ogún ọdún ló wà láàárín wọn, èkíní ya nǹkan òkèèrè yékéyéké ó sì fi iwájú sílẹ̀, èkejì fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún íńkì. Tó o bá ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀ àmì, lo Haden, kó o ṣàlàyé ìdí tí tiẹ̀ fi gbà á. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé ọkọ̀ lásán kì í já èèyàn láyà, kó lọ wá ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yẹn.

Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ yé wò ó lórí fóònù. British Museum ní yàrá tí wọ́n ti ń gbé àwòrán bébà fún èèyàn wò, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni, pẹ́ńsù ni wọ́n ń gbà láyè níbẹ̀, ẹ má mú bírò wọlé. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀dà Nocturne tó ju ẹyọ kan lọ wá tí wọ́n bá ní in, kẹ́ ẹ tò wọ́n síra.

Àti àǹtí tó ní òun rí Black Lion Wharf tí wọ́n ti fi férémù sí ní ọjà òkìtì, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni: ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíláàsì. Ẹ fi ìka wá etí pléètì lára bébà, ó yẹ kó jìn díẹ̀ yí àwòrán ká, torí ẹ̀rọ tẹ bàbà mọ́ ọn. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ilà. Tó bá jẹ́ tó-tò-tó kéékèèké lẹ rí, fọ́tò ni wọ́n tẹ̀ síwèé, ẹ san owó férémù nìkan. Tó bá jẹ́ ilà gidi, tí íńkì ga díẹ̀ lórí bébà, ẹ ya iwájú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ gbé e síbí, kẹ́ ẹ tó fún ọkùnrin yẹn lówó kankan.